Ìgò Méjìlá Tí Kò Tan Ìmọ́lẹ̀

Òkùnkùn ni wọ́n bá nínú maikirosíkóòpù. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ni yàrá ìwádìí náà tẹ ojú mọ́ gíláàsì, ó tan iná aláwọ̀ búlúù, ó pa á, ó tún un tàn. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

“Wọ́n ti jí wọn,” ni ó wí fún Igbákejì rẹ̀. “Àwọn tí ó wà nínú ìgò yìí kì í ṣe tiwa.”

Kí aago mẹ́wàá tó lù, Bàbá Òtútù, àgbàlagbà tí ó ń tọ́jú yàrá ìpamọ́, ti wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín ọlọ́pàá méjì. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti pàṣẹ lórí fóònù pé bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà yóò dúró níwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí olè. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí ó fẹ̀yìn tì.

Ẹni tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ ni ìńsípẹ́kítọ̀ obìnrin kan tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Atúnbéèrè. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ó kọ mẹ́fà síbi tí ó yẹ kí ó kọ mẹ́sàn-án, aláìṣẹ̀ kan sì sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù àṣìṣe ń bà á ju ẹ̀rù ìbọn lọ. Ohun tí ènìyàn bá sọ fún un, yóò kọ ọ́, yóò kà á padà sí onítọ̀hún létí, yóò sì tún un béèrè. Àwọn ọ̀daràn a máa sọ pé ó sàn kí wọ́n gbá àwọn létí ju kí Atúnbéèrè bi àwọn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kẹrin lọ.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,” ni ó wí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. “Bí mo bá ṣì í kọ, Bàbá tí ó wà níta yẹn ni yóò jìyà rẹ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé, kò sì fi ìkánjú rẹ̀ pamọ́. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara. Ìkọ́ tíntìntín wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ni wọ́n fi ń dá ọ̀tá mọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń dì í mú. Nínú yàrá ìwádìí yìí, wọ́n mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kan tí ó ti ń dàgbà nínú ìgò láti ọdún pípẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ìyá, wọ́n sì fi àṣẹ tuntun sínú rẹ̀ kí ó lè hu ìkọ́ tí yóò dá àrùn kan pàtó mọ̀. Wọ́n so nǹkan méjì mọ́ àṣẹ náà: fìtílà kékeré tí ń tàn ní àwọ̀ ewé bí iná búlúù bá kàn án, àti ààbò lọ́wọ́ oògùn kan tí ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Atúnbéèrè kà á padà. “Èyí tí ó bá ní ìkọ́ ni ó ní fìtílà, òun náà ni ó ní ààbò. Ìyá wọn kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gan-an, àbí bẹ́ẹ̀ ni kí n lè máa lọ?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Bẹ́ẹ̀ ni gan-an, màdáámù.”

Ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun náà kí wọ́n tó pín wọn sínú ìgò ike kéékèèké méjìlá. Wọ́n tò wọ́n sórí àtẹ kẹrin, wọ́n sì rì wọ́n sínú àgbá naitirójìn olómi, níbi tí òtútù ti le tó bẹ́ẹ̀ tí ìka tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í ṣe ìka mọ́. Kò sí òmíràn níbikíbi. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, òun yọ ìgò kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jí, wọ́n jẹun, wọ́n bí sí i, ṣùgbọ́n kò sí fìtílà. Lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì ìyá pọ̀ nínú àgbá náà, wọ́n sì jọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun, ìyẹn àwọn ọmọ, bí ìbejì. Ẹnìkan ti kó ọmọ lọ, ó sì fi ìyá rọ́pò wọn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpamọ́ kò ju méjì lọ. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ òun, èkejì wà lọ́wọ́ Bàbá Òtútù. Nínú ìwé àbáwọlé, Bàbá Òtútù fọwọ́ sí i pé òun gbé àtẹ kẹrin jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú Ẹtì yẹn, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun sì dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò kọ ìdí rẹ̀.

Atúnbéèrè lọ bá bàbá náà lórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, ẹ kú ìjókòó.”

“Ìjókòó kọ́, màdáámù. Wọ́n gbé mi kalẹ̀ ni.”

“Kí ni ẹ gbé àtẹ yẹn jáde fún?”

“Mo gbé e jáde, mo gbé e padà.”

“Mo ti kọ ìyẹn. Kí ni ẹ gbé e jáde fún?”

Bàbá Òtútù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí òtútù ti sọ di líle bí awọ bàtà. Nígbà tí Atúnbéèrè bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n kúkú ti òun mọ́lé kí ọ̀rọ̀ tán.

Sájẹ́ńtì tí ó tẹ̀lé Atúnbéèrè, ọkùnrin sísanra kan tí ebi kì í jẹ́ kí ó rántí sùúrù, ní ẹjọ́ náà ti pọ́n, ó ku kí àwọn já a.

“Èso tí ó bá tètè pọ́n,” ni Atúnbéèrè wí, “ẹ máa ń la inú rẹ̀ wò kí ẹ tó jẹ ẹ́, àbí ẹ kì í là á?”

Ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì náà kò jókòó lásán. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń gbálẹ̀ pé ọkọ Igbákejì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tí ó kọjú sí tiwọn ní òdìkejì títì. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tí ó rí ẹran nínú ọbẹ̀. Ìyàwó ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì níhìn-ín, ọkọ wà lọ́hùn-ún. Ta ni yóò tún wá olè lọ síbòmíràn?

Wọ́n pe Igbákejì. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, kì í gbójú sókè bí ó bá ń sọ̀rọ̀.

“Irú sẹ́ẹ̀lì wo ni ọkọ yín ń tọ́?” ni Atúnbéèrè béèrè.

“Kì í tọ́ sẹ́ẹ̀lì, mà. Ẹ̀fọn ni ó ń sìn.”

“Ẹ̀fọn?”

“Ẹ̀fọn tí ń jẹni, mà. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú àpótí onínẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tí ó kọjá, méjì bá a wálé nínú aṣọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà gùn fún wa.”

Atúnbéèrè rán Sájẹ́ńtì lọ wádìí rẹ̀. Ọkùnrin náà padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, ó ń họ ọrùn, ó ń họ apá. Kò sí àgbá òtútù níbẹ̀, kò sí àpótí tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀fọn nìkan ni ó wà. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ ọkọ náà kúrò, kí wọ́n sì fún òun ní ìpara.

Nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín rẹ̀, Atúnbéèrè ti wọ yàrá ìpamọ́. Àgbá méjì ni ó wà níbẹ̀, wọ́n ga dé àyà rẹ̀. Ọ̀pá onígi kan fara ti ògiri, wọ́n fàmì sí i bí rúlà, òun ni wọ́n ń tì bọ inú àgbá láti mọ ibi tí naitirójìn dé. Lókè rẹ̀ ni wọ́n lẹ ìwé kan mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé àti gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Òtútù ń kún àwọn àgbá náà, tí ó sì ń kọ iye tí ọ̀pá fi hàn, ní lẹ́tà dáradára tí kò wọ́ rárá. Atúnbéèrè fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ajé, Ọjọ́bọ̀. Ajé, Ọjọ́bọ̀. Ó dé Ọjọ́bọ̀ kan, ibẹ̀ ṣófo. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó ti rí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí kì í sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní kí àwọn ọlọ́pàá méjì náà sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì jókòó ti bàbá náà lórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, ẹ gbàgbé ní Ọjọ́bọ̀.”

Ejìká Bàbá Òtútù wálẹ̀. Ó ní òun kò mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò rẹ òun, kò sí ìjà nílé, òun kàn lọ sílé ni, bí ẹni pé Ọjọ́rú ni. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí òun ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, ni ó kọlu òun lọ́kàn. Òun sáré dé. Naitirójìn ti lọ sílẹ̀ débi pé àtẹ kẹrin ti yọrí kúrò nínú rẹ̀. Òun gbé e bọ inú àgbá kejì, tí tirẹ̀ kò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun kún ti àkọ́kọ́, òun sì dá a padà.

“Bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní orí Bàbá ti dàrú,” ni ó wí. “Ọdún mẹ́rìnlélógún, màdáámù. Wọ́n lè pè mí ní olè, n ó fara dà á. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa àwọn nǹkan yẹn.”

Sájẹ́ńtì ti yọ bírò. Atúnbéèrè na ọwọ́ dí i, ó sì padà lọ bá Igbákejì.

“Sẹ́ẹ̀lì tí òtútù bá fi sílẹ̀ nínú àgbá, tí ó yọ́, kí ni ń ṣe é?”

“Kíkú ni, mà.”

“Nínú ìgò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ, mélòó ni ó yè?”

“Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.”

“Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, mà. Wọ́n yè dáadáa.” Igbákejì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òtútù orí naitirójìn náà nìkan tó láti mú wọn dúró fún ọjọ́ díẹ̀.

Atúnbéèrè kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá kò pa ohunkóhun. Ó wá ku ọ̀nà méjì. Yálà ẹnìkan fi ìyá rọ́pò ọmọ lóòótọ́, tàbí kí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀, tí ohun mìíràn sì ti pa fìtílà wọn. Ó bi Igbákejì bóyá ọmọ lè sọ ìkọ́ rẹ̀ nù.

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí ń wò ó bóyá ọ̀gá òun wà nítòsí. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ẹrù ni ìkọ́ náà jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì tí ó rù ú. Èyí tí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ yóò máa yára bí ju àwọn tí ó ṣì rù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po oògùn mọ́ oúnjẹ wọn: èyí tí ó bá sọ ìkọ́ nù ti sọ fìtílà àti ààbò nù pẹ̀lú, oògùn yóò sì pa á. Bí kò bá sí oògùn nínú oúnjẹ, àwọn ọ̀lẹ ni yóò gba ìgò.

“Gbogbo wọn ni yóò di ọ̀lẹ?”

“Ó ṣòro kí ó jẹ́ gbogbo wọn, mà. Díẹ̀ á ṣẹ́kù.”

“Sẹ́ẹ̀lì ìyá ńkọ́, bí wọ́n bá fún un ní oògùn yìí?”

“Ọjọ́ mẹ́ta, kò ní ku ẹyọ kan.”

Atúnbéèrè kà á padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Ó wọlé tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tàn náà, kí wọ́n fi oògùn sí i. Bí gbogbo wọn bá kú, ìyá ni wọ́n, olè sì wà. Bí díẹ̀ bá yè, tí wọ́n sì tàn, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jí ohunkóhun.

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n le. “Ta ni ń ṣe ìwádìí níhìn-ín, èmi ni àbí ọlọ́pàá?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi kò fi ní kan ìgò yẹn.”

Wọ́n fi oògùn sí i ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní láti dúró, ọjọ́ mẹ́ta náà ni ó sì kù kí Bàbá Òtútù lọ sí ilé ẹjọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá kò gbà láti sún un síwájú, wọ́n sì gbé bàbá náà lọ sí àtìmọ́lé.

Atúnbéèrè kò lè jókòó. Ó gba ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì sí, ó sì fi gbogbo Ọjọ́rú kà á. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé e, ṣùgbọ́n ọjọ́ yé e. Ìgbàkígbà tí ìgò bá kún, wọ́n a pín in sí òmíràn, wọ́n a sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ka àlàfo wọn lórí ìka. Ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin. Ó ṣí ojú ewé, ó tún kà. Ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì. Ó rò pé òun ti ṣì í kà, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò ṣì í kà. Láti ọjọ́ kan pàtó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń yára bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, títí di ọjọ́ tí wọ́n dì wọ́n sínú òtútù.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, Igbákejì ń fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkọ̀wé tí ó ká kóló. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìfọwọ́sí, àmì máàkì gígùn kan péré ni ó wà. Atúnbéèrè ti rí irú àmì yẹn rí, lórí ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n mú tọ̀ ọ́ wá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí oògùn bá pa gbogbo wọn ńkọ́? Èrò tí a kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀, ọ̀nà àtìmọ́lé aláìṣẹ̀ ni.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mẹ́rin nínú wọn yí maikirosíkóòpù ká: Ọ̀jọ̀gbọ́n, Igbákejì, Atúnbéèrè àti Sájẹ́ńtì. Igbákejì ni ó jókòó sídìí rẹ̀. Ó sọ pé òkú ni ó kún ibẹ̀, wọ́n ti súnkì, wọ́n léfòó bí èérún. Ó tan iná búlúù. Ó sún gíláàsì. Kò sí nǹkan. Ó tún un sún. Òkùnkùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó ní òun ti wí. Sájẹ́ńtì wo aago.

Igbákejì sún un lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

“Mà,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń bá ọmọ tí ó sùn sọ̀rọ̀ lọ. “Mà, ẹ wá wò ó.”

Atúnbéèrè bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín òkùnkùn náà, ohun róbótó kan ń tàn, ó tutù lójú bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó sún un díẹ̀, ó rí òmíràn. Ó rí méjì tí wọ́n so pọ̀, èyí tí Igbákejì sọ pé ọ̀kan ni, ó ń di méjì lọ́wọ́. Kò mọ ìgbà tí ó di apá Sájẹ́ńtì mú. Wọ́n kà wọ́n, Atúnbéèrè sì ní kí wọ́n tún un kà. Mẹ́tàdínlógún. Igbákejì ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú, ó ní láti ara mẹ́tàdínlógún wọ̀nyí, bí wọ́n bá ń bọ́ wọn pẹ̀lú oògùn, ìgò yóò tún kún. Wọn kò pàdánù wọn.

“Sẹ́ẹ̀lì ìyá kò lè yè nínú oògùn,” ni Atúnbéèrè wí. “Àwọn yìí yè. Nítorí náà ọmọ ni wọ́n, ibi tí ẹ fi wọ́n sí náà ni wọ́n ṣì wà. Kò sí olè.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì gbé ojú kúrò lórí gíláàsì. Nígbà tí ó yíjú padà, Igbákejì ni ó kọjú sí. “O kò fi oògùn sí oúnjẹ wọn?”

Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà. Atúnbéèrè ṣí ìwé ìtọ́jú sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi ìka sí ibi tí ọjọ́ mẹ́rin ti di méjì. Ó bi Igbákejì ibi tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn.

Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ni òun wà, ní ọsibítù, ẹsẹ̀ ìyá náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Kí ó tó lọ, ó po ìgò oúnjẹ mẹ́jọ tí ó ní oògùn sílẹ̀, ó lẹ tẹ́ẹ̀pù pupa mọ́ ìdérí wọn. Nígbà tí ó dé, wọ́n ti di àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sínú òtútù. Ìgò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣì wà nínú fìríìjì, tẹ́ẹ̀pù ọ̀kankan kò já. Ó dà wọ́n nù nítorí ọjọ́ wọn ti kọjá, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdànù. Ó rò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n po tirẹ̀ ni.

“Ṣé ẹ bi Ọ̀jọ̀gbọ́n?”

“Ta ni í bi wọ́n, mà?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó wo àwọn àmì máàkì gígùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ka orúkọ òkú. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti fi tọ́ sẹ́ẹ̀lì ìyá, èyí tí kò nílò oògùn. Ọwọ́ tí ó ti ń lọ sí apá òsì fìríìjì fún ọgbọ̀n ọdún, sí ìgò tí kò ní tẹ́ẹ̀pù, kò bi orí léèrè kí ó tó lọ. Kò sì tan iná búlúù wò wọ́n títí ó fi dì wọ́n. Ta ni yóò tan iná wo ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́?

“Èmi ni,” ni ó wí.

Aago ti kọjá mẹ́wàá àbọ̀. Atúnbéèrè gbé ìwé tí wọ́n fi ń fa ẹ̀sùn sẹ́yìn jáde. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí, Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ pé àṣìṣe kan wáyé. Atúnbéèrè kà á, ó sì tì í padà sí i.

“Àṣìṣe ta ni, sà?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Lẹ́yìn náà ó ní òun fúnra òun yóò bá wọn lọ.

Nínú ọkọ̀ ni Sájẹ́ńtì ti ń tẹ fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti wọ bàtà fún Bàbá Òtútù, ọkọ̀ ilé ẹjọ́ ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Atúnbéèrè sáré wọlé ṣáájú, ó sì fa bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó ti bọ́, àti pé ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ kò sí nínú fáìlì rárá. Ẹjọ́ kò kàn án. Kò sí ẹni tí ó ní láti gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró níwájú káúńtà, níṣojú gbogbo ọlọ́pàá tí ó wà níbẹ̀.

“Bàbá,” ni ó wí, “ẹ kò jí nǹkan kan. Kò sí ẹni tí ó jí nǹkan. Èmi ni mo fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ní oúnjẹ tí kò ní oògùn, tí mo sì ní kí wọ́n wá mú yín. Ẹ forí jì mí.”

Bàbá Òtútù wo Atúnbéèrè. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lẹ́yìn náà ó fa ara rẹ̀ gùn, bí ọkùnrin tí ó fẹ́ gbé ohun wíwúwo.

“Ẹ dúró ná, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí ẹ tó bẹ̀ mí, èmi náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí, mo gbàgbé láti kún àgbá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo tó rántí. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.”

Bírò Sájẹ́ńtì dúró lókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n rìn yí káúńtà ká, ó sì gba àpò ọwọ́ bàbá náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí ó dì í mú.

“Ọjọ́ méjì ni tiyín, Bàbá,” ni ó wí. “Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni tèmi.”